Ẹni tó bá parí iṣẹ́ ní Mile 12, kó wọkọ̀ lọ sí Stadium

Ọjà Mile 12 kì í jẹ́ kí àlejò sùn pẹ́. Òru ni àwọn tírélà tó ru tòmátò, àtàrodo, tàtàṣé àti àlùbọ́sà láti òkè Ọya máa ń wọlé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere, àwọn alábàárù ti gbé apẹ̀rẹ̀ karí, wọ́n ń ké "Ẹ yàgò!" mọ́ ẹni tó bá dúró sójú ọ̀nà bí ẹni pé ilé bàbá rẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń ta apẹ̀rẹ̀ ata kan ní tòótọ́, ìdájí ni yóò débẹ̀. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá fi máa dé ọ́fíìsì, wọ́n ti ná ọjà, wọ́n ti gbà á, àwọn alágbàtà sì ti ń kó tiwọn sínú ọkọ̀ lọ sí Ìkòròdú, Agége àti Ìkẹjà. Ẹrẹ̀ ló kù fún ẹni tó bá pẹ́ dé, ẹrẹ̀ àti àwọn ìyá tó ń ka owó.

Ìdí nìyẹn tí ẹni tí iṣẹ́ bá gbé wá sí Kétu, Ikòsí tàbí Mile 12 láti Ìbàdàn, Òṣogbo tàbí Àkúrẹ́ fi sábà máa ń ní ọ̀sán kan lọ́wọ́ tí kò mọ ohun tí yóò fi í ṣe. Ọ̀rọ̀ owó ata ló gbé èmi náà débẹ̀. Mo ti bá àwọn tí mo wá bá sọ̀rọ̀ tán, mo ti kọ èyí tó yẹ ní kíkọ, oòrùn kò sì tíì mú. Àwa oníṣẹ́ ìròyìn máa ń ṣe ọ̀kan nínú méjì nírú àsìkò bẹ́ẹ̀: ká padà sí hòtẹ́ẹ̀lì lọ sùn, tàbí ká gba Ọjọ́ta wọkọ̀ relé. Mo mú ẹ̀kẹta. Mo fẹ́ lọ fi ojú rí National Stadium tó wà ní Súrùlérè, pápá tí Ernest Okonkwo ti máa ń sọ bọ́ọ̀lù lórí rédíò, tí gbogbo àdúgbò á dákẹ́ fún un.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín ibi méjèèjì. Oṣù kẹta ọdún 2008 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá BRT sílẹ̀, Mile 12 ni wọ́n sì fi ṣe orí ọ̀nà. Láti ibẹ̀ dé CMS ní Erékùṣù Èkó tó nǹkan bíi kìlómítà 22, wọ́n ya ojú títì sọ́tọ̀ fún un ní ọ̀pọ̀ ibi kí dánfó má baà dí i lọ́wọ́. Ọdún 2015 kí ó tó dé Ìkòròdú. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ní orírun ló ń rí àga jókòó. Ẹni tó bá dúró dè é ní Onípànù, ó lè dúró ṣánṣán títí dé ibi tó ń lọ. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń sanwó, nítorí náà kò sí ìjà ṣéńjì. Ẹ má ṣe wọ̀ ọ́ ní ìdájí o, nígbà tí gbogbo Kétu ń sáré lọ sí Erékùṣù. Ẹ jẹ́ kí aago mẹ́wàá kọjá.

Mo rí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ní Ọjọ́ta, ère Gani Fáwẹ̀hìnmí dúró nínú ọgbà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, níbi tí èrò pé jọ sí ní oṣù kìíní ọdún 2012 nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Maryland, Anthony, Ọbáníkòró, Palmgrove, Fádéyì: báàsì ń gé e kọjá, àwọn dánfó ń fi fèrè bú ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àwọn èrò tó jókòó tì mí ti sùn. Wọ́n ń gba ọ̀nà yìí lójoojúmọ́, kí ni wọ́n fẹ́ máa wò?

Nígbà tí a dé apá Ojúẹlẹ́gbá, Fẹlá ló wá sí mi lọ́kàn. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1977, pápá tí mo ń lọ yìí ni wọ́n ti ṣí FESTAC, tí àwọn aláwọ̀ dúdú láti ìpẹ̀kun ayé gbogbo wá yan, wá jó níwájú ìjọba ológun. Fẹlá kọ̀ láti bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ilé rẹ̀, Kalakuta, wà ní ojú ọ̀nà Agége Motor Road, kò jìnnà síbẹ̀ rárá. FESTAC parí ní ọjọ́ 12 oṣù kejì. Ní ọjọ́ 18, àwọn sójà ya wọ Kalakuta, wọ́n na ará ilé, wọ́n sì dáná sun ilé náà. Ìjọba kan náà ló ṣe ayẹyẹ àṣà, òun náà ni àwọn sójà rẹ̀ lọ sun ilé olórin. Àwọn tó ń júwe Èkó fún àlejò kì í sábà sọ ìtàn méjèèjì pọ̀.

Mo sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Stadium, lójú títì Funsho Williams tí àwọn àgbà Súrùlérè ṣì ń pè ní Western Avenue. Àwọn òpó iná gíga ni ojú kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ni ara kọnkéré ńlá tí òjò ti pa láró. Obìnrin kan ń ta omi inú ọ̀rá àti gúgúrú.

"Ẹ kú ọjà o, mà. Ibo ni èèyàn ń gbà wọlé?"

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó wo bàtà mi tí ẹrẹ̀ Mile 12 ṣì wà lára rẹ̀. "Bọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ wá sáré ni, àbí ẹ fẹ́ mutí?"

Mo ní rárá, mo kàn fẹ́ wò ó ni.

"Kí lẹ fẹ́ wò?"

N kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Inú ọgbà náà kún fún ènìyàn, òótọ́ ni. Àwọn kan ń sáré yípo pẹ̀lú tówẹ̀lì lọ́rùn. Àwọn ọmọdékùnrin so okùn bàtà bọ́ọ̀lù mọ́ra, wọ́n gbé e kọ́ ọrùn, wọ́n ń lọ sí àwọn pápá kéékèèké tó wà lẹ́yìn. Àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ń ṣe ìdárayá tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó ń kọ́ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá níṣẹ́ wà nínú ọgbà kan náà. Òórùn ẹja yíyan àti ata pẹpẹ súùpù ń fẹ́ wá láti apá ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí. Ibi tó wà láàyè ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá wá kò sí lójú ọ̀nà, kò sí pátákó tó sọ ọ́, kò sì sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ ọ́ fún àlejò. Àfi kí èèyàn ti gbé ìtàn náà lọ́wọ́ wá láti ilé.

Ohun tí mo wá wò nìyí, mà.

Ọdún 1972 ni wọ́n kọ́ pápá yìí, nítorí ìdíje eré ìdárayá gbogbo Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kejì. Málì ló yẹ kó gbà á lálejò ní ọdún 1969, àmọ́ àwọn sójà gbàjọba níbẹ̀ ní ọdún 1968, ọ̀rọ̀ dàrú, Èkó sì nawọ́ gán an. Ogun abẹ́lé wa parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Kò ju ọdún mẹ́ta lọ lẹ́yìn rẹ̀, láti ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 1973, tí Gowon, olórí ìjọba ológun ìgbà náà, fi ń gba àlejò gbogbo Áfíríkà ní Súrùlérè. Orílẹ̀-èdè tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lẹ́nu ìbọn ló kọ́ pápá tó gba 55,000 èèyàn, tó sì tún gba wúrà bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀: Guinea la na ní àṣekágbá, gòólù méjì sí òdo.

Nínú eré sísá, níbẹ̀ ni Filbert Bayi ará Tàǹsáníà ti sá mítà 1500, tó fi Kipchoge Keino ará Kẹ́ńyà sẹ́yìn. Keino kì í ṣe ẹran rírọ̀. Wúrà Òlíḿpíìkì ọdún 1968 wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ènìyàn ní oríire lásán ni. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Bayi sá eré náà ní New Zealand ní ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 32.2, kò sì sí ẹ̀dá kankan láyé tó tíì sá a yá tó bẹ́ẹ̀ rí. Èkó ló ti kọ́kọ́ hàn. Àwọn tó ń fi ikùn ńlá sáré yípo lọ́jọ́ tí mo dé, inú ọgbà ibi ìtàn yẹn ni wọ́n ti ń làágùn.

Mo rìn dé ara pápá ńlá tí wọ́n ń pè ní main bowl. Ẹnu ọ̀nà kan wà tí ojú lè gbà wọnú rẹ̀, mo dúró síbẹ̀, mo wo koríko, mo wo àwọn ìpele ìjókòó tó ga sókè. Ọdún 1980 ni mo ń wá.

Àṣekágbá ife ilẹ̀ Áfíríkà ni, ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 22 oṣù kẹta. Otto Glória ará Brazil ni akọ́nimọ̀ọ́gbá, Christian Chukwu tí wọ́n ń pè ní Chairman ni balógun ẹgbẹ́. A ti na Tàǹsáníà 3-1, a gbá ọ̀mì pẹ̀lú Ivory Coast, a na Íjíbítì 1-0, Felix Owólabí sì ti gbá gòólù kan ṣoṣo tó lé Mòrókò lọ sílé nínú ìdíje tó kángun sí àṣekágbá. Ó wá ku Algeria. Ẹ má fojú kéré wọn o: Algeria yìí kan náà ló na Ìwọ̀-oòrùn Jámánì 2-1 nínú Ife Àgbáyé ọdún 1982, tí ẹnu ya gbogbo ayé. Àkọsílẹ̀ sọ pé èèyàn 80,000 ló wà nínú pápá lọ́jọ́ náà. Ibi tí wọ́n kọ́ fún 55,000! Mo gbójú sókè wo àwọn ìpele náà, mo gbìyànjú láti rò ó bí wọ́n ṣe jókòó, n kò rí i rò. Wọn ò jókòó ni.

Ìṣẹ́jú kejì péré ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ẹni tó ń ra ẹ̀pà lọ́wọ́ kò rí i. Kí wọ́n tó sinmi, ní ìṣẹ́jú 42, ó tún fi ọ̀kan kún un. Wọ́n padà dé, Mudá Lawal fi ẹlẹ́ẹ̀kẹta sí i ní ìṣẹ́jú 50, ọ̀rọ̀ sì tán. Ààrẹ Shehu Shagari gbé ife lé Chukwu lọ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Nàìjíríà gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Okonkwo ló ti sọ Ọdẹ́gbàmí ní "Mathematical" lórí rédíò, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára dòní. Èmi tí mo ti Ìbàdàn wá, ẹ jẹ́ kí n fi èyí yangàn díẹ̀: gòólù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹsẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ IICC Shooting Stars ló ti wá, aṣọ́lé tí kò jẹ́ kí Algeria rí ọ̀kan san, Best Ogedegbe, IICC ni òun náà. Èkó ló ni pápá, Ìbàdàn ló ni ẹsẹ̀.

Pápá yìí ti pa wá lẹ́kún pẹ̀lú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1977, Godwin Odiye fi orí gbá bọ́ọ̀lù wọnú ilé ara wa, Tùnísíà sì gba ibẹ̀ lọ sí Ife Àgbáyé ní Ajẹntínà. Àwọn àgbà kan kò tíì dárí jì í dòní, èyí tí kò dára, nítorí kò sí ẹni tó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe irú rẹ̀.

Ti ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989 kì í ṣe ọ̀rọ̀ àdánù bọ́ọ̀lù. Samuel Okwaraji, ọmọ ọdún 25, agbẹjọ́rò tó tún ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun ní Yúróòpù, ń gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà pẹ̀lú Angola nínú ìdíje láti lọ sí Ife Àgbáyé. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 77, kò sí ẹni tó gbá a lẹ́sẹ̀, kò sí ẹni tó kọlù ú, ó ṣubú. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Kò dìde mọ́. Nàìjíríà na Angola 1-0 lọ́jọ́ náà, ta ló sì ń ka gòólù? Èrò pọ̀ débi pé àwọn òǹwòran kan kú níbi tí wọ́n ti ń fún ara wọn pọ̀. Wọ́n gbé ère Okwaraji kalẹ̀ síwájú pápá náà. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, tirẹ̀ ni mo mọ̀ pé ó rí àmì tí ẹni tó ń kọjá lè tọ́ka sí.

Mo jókòó sábẹ́ igi kan láti mu omi. Àwọn bàbá méjì tó fi ìrísí jọ ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù nígbà kan rí ń bá ara wọn jà nípa ọdún 2000, bí ẹni pé àná ni. Mo kí wọn, mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, ṣé ó wọlé àbí kò wọlé?" Wọn kò béèrè bọ́ọ̀lù tí mo ń sọ lọ́wọ́ mi. Èkínní ní, "Ọmọ mi, ó wọlé! Gbogbo ayé ló rí i!" Èkejì ní rẹfirí nìkan ni kò rí i, òun náà ló sì ni fèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì kéré nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2000, àṣekágbá ife ilẹ̀ Áfíríkà nínú pápá yìí kan náà, àwa àti Kamẹrúùnù. Wọ́n fi gòólù méjì ṣíwájú wa, Eto'o àti Mboma. Raphael Chukwu dá ọ̀kan padà, Jay-Jay Okocha dá èkejì, ó di pẹnáritì. Victor Ikpeba gbá tirẹ̀, ó ba ọ̀pá òkè, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì ta jáde. Àwòrán tẹlifíṣàn fi hàn pé ó jọ pé bọ́ọ̀lù náà ti ré ìlà kọjá kí ó tó ta padà, àmọ́ rẹfirí kò kà á. Kamẹrúùnù gba ife pẹ̀lú 4-3. Àwọn bàbá náà ṣì ń jà nígbà tí mo fi wọ́n sílẹ̀.

Ìtàn tó kù, mo kàn máa fẹnu kàn án ni. Oṣù kẹrin ọdún 1999, àwọn ọ̀dọ́ Sípéènì na Japan 4-0 níbẹ̀, wọ́n gba ife àgbáyé àwọn ọ̀dọ́. Ọmọdékùnrin kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Xavi. Ẹni tó bá sì ní àkókò díẹ̀ sí i, kó ya pápá Teslim Balógun tó wà nítòsí, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní ọdún 1984, tí kò parí títí di ọdún 2007. Ó gba 24,325 èèyàn. Teslim "Thunder" Balógun wà lára àwọn tó lọ sí Ìlú Ọba ní ọdún 1949 láti gbá bọ́ọ̀lù, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ẹsẹ̀ lásán gbá a fún Òyìnbó. Ó tún padà lọ gbá a jẹun ní Peterborough àti Queens Park Rangers ní England. Ọdún 1972 tí wọ́n kọ́ National Stadium ló kú.

Kí ló wá dé tí main bowl fi dákẹ́? Ọdún 2003 ni wọ́n ṣí pápá tuntun ní Àbújá, wọ́n kó ojú rere lọ síbẹ̀. Láti ọdún 2004 ni ti Súrùlérè ti di ohun àpatì. Ìsọjí àwọn oníwàásù, àwọn ọmọ àdúgbò tó ń sùn níbẹ̀, àti ewéko ló gbapò bọ́ọ̀lù. Nígbà tí Sunday Dare jẹ́ mínísítà eré ìdárayá, Olóyè Kessington Adébútù fi owó sílẹ̀ láti tún ojú pápá náà ṣe, a sì kí i kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n koríko nìkan kọ́ ni pápá.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: ìjọba tí kò lè tún òrùlé ṣe, ìtàn ni yóò wá máa sọ? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìtàn ló rọrùn jù nínú méjèèjì. Ẹgbẹ́ Barcelona ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tirẹ̀ sínú Camp Nou ní ọdún 1984, àlejò láti gbogbo ayé ń sanwó wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ tí wọn kò tilẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó bá lọ ṣe iṣẹ́ ní London ń sanwó láti wo yàrá tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń pààrọ̀ aṣọ ní Wembley, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á fi ránṣẹ́ sílé. Ẹni kan náà ti kọjá Stadium nínú BRT láìmọye ìgbà, oorun ló ń sùn. N kò dá a lẹ́bi. Kò sí ohun tí wọ́n gbé sílẹ̀ fún un láti wò. Ní Ìbàdàn wa pẹ̀lú, Dick Tiger na Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ní Liberty Stadium ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, ìjà àgbáyé gidi, mélòó nínú àwọn ọmọ Òkè-Àdó ló sì mọ̀?

Pátákó ni mo ń bẹ ìjọba àpapọ̀ fún. Kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti Haúsá sí ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan: níbí ni Bayi ti fi Keino sẹ́yìn, níbí ni Ọdẹ́gbàmí ti gbá àkọ́kọ́ wọlé, orí koríko yìí ni Okwaraji ṣubú sí. Kí wọ́n mú àwọn bàbá abẹ́ igi yẹn, kí wọ́n fún wọn ní owó oṣù díẹ̀, kí wọ́n máa mú àlejò yípo. Ẹ má ṣe dúró de owó àtúnṣe ńlá kí ẹ tó ṣe èyí. Àwọn tó fojú rí ọdún 1980 ń dín kù. Chukwu tó gba ife náà lọ́wọ́ Shagari kú ní oṣù kẹrin ọdún 2025.

Ní ti ẹ̀yin tí ọjà ń gbé wá sí Mile 12, ẹ kúrò ní Stadium kí aago mẹ́ta tó kọjá lọ títí, nítorí tí àwọn òṣìṣẹ́ Erékùṣù bá fi máa jáde, ìlà BRT tó ń padà sí Kétu kì í ṣe ohun à ń fẹnu sọ. Ọjọ́ Sátidé ni àwọn eléré ìdárayá pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó ní ìrọ̀rùn, kó lọ láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ fọ ẹrẹ̀ ọjà kúrò ní bàtà yín, ẹ fi owó sórí káàdì Cowry, kí ẹ sì mú ọmọ kan dání tí ẹ óò sọ ìtàn náà fún.